Mọ́tò Tó Dùn-ún Wà, Tí Apá Ọ̀dọ́ sì Ká

Kabba.

Yẹmisí, ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìlú àjèjì, okun ìnìkanwà. Ara gbogbo wa le. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Lẹ́tà rẹ bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ọmọ ilé-ìwé ni mo ń gé lọ́wọ́. Mo fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo kà á, mo tún un kà, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé kí bàbá rẹ lè rí i. Nígbà tó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó wá jókòó kó fún ọ lésì, nítorí òun ló mọ̀ nípa mọ́tò. Ó ní rárá. Ó ní, “Ìwọ ni kí o kọ ọ́. Èmi ni mo wa ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìwọ lo jókòó tì mí. Ìwọ lo rí ohun tí èmi ò rí.” Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ mi lo ń rí nínú ìwé yìí. Ó máa gùn díẹ̀. Wá ibi jókòó sí kí o tó máa kà á lọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé inú mi dùn sí iṣẹ́ rẹ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé ṣòkòtò lo ń wọ̀ síbi iṣẹ́ àti pé o máa ń wọ abẹ́ mọ́tò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé èmi ni mo tilẹ̀ rán ṣòkòtò náà.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí o kọ, bí ó ṣe yé mi nìyí. Àwọn ọ̀gá yín fẹ́ ṣe ìpàdé lórí mọ́tò kékeré onílẹ̀kùn méjì yẹn, èyí tó yára, tó ń gbọ́ràn sí ọwọ́ ẹni, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Àwọn kan nínú wọn ní kí ẹ má tò ó mọ́. Wọ́n ní kò sí bí ilé-iṣẹ́ kankan ṣe lè ṣe irú rẹ̀ láyé ìsinsìnyí kí apá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù sì ká a, pé kí ẹ gbájú mọ́ ọkọ̀ ńlá tí àwọn ọ̀gá ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń rà. Wọ́n ní kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà wá sọ tẹnu yín. Ìwọ gbà pé ó ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni obìnrin nínú yàrá náà, ìwọ lo sì kéré jù. O ní bóyá kí o kúkú dákẹ́.

Má dákẹ́, ọmọ mi. Ó ṣeé ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú mi ló ṣe, nílùú Kabba níbí, kí a tó bí ọ.

Ìwọ mọ bàbá rẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé tó ń wa píkọ́ọ̀pù, tí kì í sáré, tó máa ń ráhùn tí awakọ̀ kan bá sáré kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí èmi kọ́kọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Ìpínlẹ̀ Kwara tí a wà nígbà náà ṣì jẹ́ ọ̀tun. Tíṣà kékeré ni bàbá rẹ ní Iffe, kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń gùn wá sí Kabba tí ilé-ìwé bá ti parí lọ́sẹ̀. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù nídìí ìránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí gáréèjì. Ó ní ṣòkòtò lòun ń gbé wá kí n bá òun tún ṣe. Ṣòkòtò náà kò ya rí, ṣùgbọ́n mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kan, dókítà kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ọsibítù wa wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Mọ́tò tó gbé wá rẹlẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ló ní, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù. Bàbá rẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó sì dákẹ́ láàrin ọ̀rọ̀. Ó jáde, ó yí ọkọ̀ náà po títí, bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Dókítà náà ṣe èèyàn, ó ní kó wọlé jókòó. Nígbà tó jáde níbẹ̀, kò rántí pa ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ dé. Mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun kan ti mú un.

Ó lọ béèrè iye tí irú rẹ̀ jẹ́. Owó oṣù tíṣà kò lè súnmọ́ ọn. Ẹlòmíràn ì bá gbàgbé. Òun kò gbàgbé, ó lọ bá Súlè.

Súlè ọmọ Ìyàrà ni, Mùsùlùmí ni, òun àti bàbá rẹ jọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Panẹbítà ni, òun ló ń na ara mọ́tò tó bá ti wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn gáréèjì. Bàbá kan wà ní Ìyàmoyè nígbà náà tó ń ra kọfí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, Bàbá Oníkọfí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn ródó yẹn, ti lọ kọlu igi lọ́nà Òkénè. Nǹkan kan kò ṣe é, ṣùgbọ́n ó búra pé òun kò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ó gbé e jù sẹ́yìn ilé, adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ti wó, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára. Súlè lọ bá bàbá náà pé òun á bá a na ara lọ́rì tó fi ń kó kọfí, kó fún òun ní ìjàpá náà dípò owó iṣẹ́. Bàbá Oníkọfí ní kó wá gbé e kúrò lójú òun.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni wọ́n lò nídìí rẹ̀, wọ́n sì jà gan-an. Bàbá rẹ fẹ́ kí wọ́n wá ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti inú rẹ̀ lọ. Súlè kò gbà. Ó ní, “Tíṣà, tí o bá ru àpò gààrí, tí o wá fẹ́ sáré, ṣé ẹsẹ̀ mìíràn ni wàá lọ rà ni, àbí wàá sọ gààrí kalẹ̀?” Wọ́n wá ń sọ gààrí kalẹ̀. Wọ́n gé orí tó wó kúrò, wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n Súlè gé e jù. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀, tí bàbá rẹ jókòó sínú rẹ̀, ikùn ọkọ̀ náà tẹ̀ láàrin, ilẹ̀kùn kò lè tì mọ́. Bàbá rẹ gbé pẹ́ńsù àti ìwé, ó jókòó tì í láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti parí títí di ìrọ̀lẹ́, ó wá fi ibi tí irin gbọ́dọ̀ dábùú láti apá kan sí èkejì han Súlè. Súlè jó irin mọ́ ọn, ó sì dúró gbagidi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dá ṣe é, ọkọ̀ náà kò ní ṣeé wà.

Iṣẹ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù lọ́rì, ni mo fi rán ìjókòó, mo ki òwú igi àràbà sínú rẹ̀. Mo tún fi tapólì rán ìbòrí tí wọ́n lè fi bọ́tìnì mú mọ́ ọn lórí tí òjò bá ṣú. Abẹ́rẹ́ mi kán títí ó fi sú mi.

Bàbá mi, bàbá rẹ àgbà, tó jẹ́ akọ́dà kóòtù nígbà ayé wọn, ní ọkọ̀ tí kò lórí kì í ṣe ọkọ̀, pé mi ò gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀. Súlè wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé wọn yí ìlú ká. Nígbà tí wọ́n dé, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi di fìlà wọn mú. Wọn ò sọ pé ó dára, wọn ò sọ pé kò dára. Wọ́n ní kí n gé nǹkan tí èèyàn lè fi so fìlà mọ́ orí.

Gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ wà. Ọkọ̀ yẹn kò sáré ju ti dókítà. Lójú ọ̀nà tó tẹ́, dókítà á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, kò sì ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó sínú rẹ̀ tí a jáde sọ́nà Ìyàrà, mo ń rẹ́rìn-ín láì mọ̀ pé mo ń rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ súnmọ́ wa. Bàbá rẹ kàn máa ń tẹ ọwọ́ díẹ̀, ọkọ̀ náà á sì ti yà, bí ẹni pé ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. A ń gbóòórùn koríko. A ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kí wa lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdùnnú tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá nídìí irú ọkọ̀ yẹn nìyẹn, kì í ṣe iye tí ọwọ́ aago iwájú awakọ̀ lè ga dé.

Kò pẹ́ tí àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé àti àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké fi ń wá sábẹ́ igi máńgòrò Súlè, tí wọ́n ń béèrè bóyá ó lè ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Ìròyìn náà dé etí ọkùnrin kan ní Ìsánlú tó ń gba iṣẹ́ ilé-ìwé kíkọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Kọngílá ni wọ́n ń pè é. Ó ránṣẹ́ pè wá. Súlè ti bá lọ́rì lọ ṣáájú, èmi àti bàbá rẹ gbé ọkọ̀ náà lọ.

Kọngílá fi iyán gidi ṣe wá lálejò. Lẹ́yìn oúnjẹ ó sọ ohun tó fẹ́. Òun á kọ́ ibi iṣẹ́ tó ní òrùlé, òun á máa ra ọkọ̀ tó ti forí sọ igi láti ibi gbogbo wá, kí Súlè àti bàbá rẹ máa ṣe é, kí òun máa tà á fún àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó wá ní, “Ẹ má kówó sórí búrẹ́èkì àti táyà. Àlòkù tó wà lára rẹ̀ ti tó. Ọ̀dà ni kí ẹ kùn kó dán. Àwọn tó máa rà á, ọ̀dà ni wọ́n máa wò.”

Súlè wo ilẹ̀. Bàbá rẹ ní àwọn á lọ rò ó. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lójú rẹ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti fẹ́ ṣègbéyàwó, owó tíṣà ò sì tó nǹkan kan. Súlè náà ń wá ibi iṣẹ́ tí òjò ò ti ní máa pa á. Lọ́kàn àwọn méjèèjì, wọ́n ti gbà fún un.

A ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, a ti kọjá Mopa, a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Bí a ṣe yọ ní kọ́nà, àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ ti gba ojú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Bàbá rẹ tẹ búrẹ́èkì. Táyà apá kan gbà, apá kejì kò gbà. Ọkọ̀ náà fà wá sápá òsì, ó fò kúrò lójú títì, ó wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, ó sì fi imú gúnlẹ̀ sára ebè. Kò kan ìkankan nínú àwọn obìnrin náà. Ètè bàbá rẹ bẹ́. Ọwọ́ òsì mi dá.

Àwọn obìnrin náà sọ ẹrù wọn sílẹ̀, wọ́n sáré wá. Èyí tó ni oko náà dàgbà jù láàrin wọn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó wá igi, ó fi di ọwọ́ mi. Bàbá rẹ dúró gàgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí àyà ẹ̀wù rẹ̀. Obìnrin náà kò gbójú sókè wò ó, ó kàn ní, “Ohun tí o gbé ọmọ ọlọ́mọ sí yìí, ṣé ó máa ń dúró?”

Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọkọ̀ náà fúyẹ́, pé ó ń sáré, pé òun mọ̀ ọ́n wà.

Ó ní, “Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Mo ní ṣé ó máa ń dúró?”



Ọsibítù Kabba ni wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì funfun di ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, Súlè àti bàbá rẹ jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì. Súlè ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní àwọn ti ra ọ̀dà kí àwọn tó ra búrẹ́èkì, pé ohun tí Kọngílá fẹ́ kí àwọn máa ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn, àwọn ti ṣe é fún ara àwọn ná. Mo wá sọ tèmi. Mo sọ fún bàbá rẹ pé, “Tí o bá ta irú èyí fún ẹnikẹ́ni, má wá sí ilé wa mọ́.” Mi ò pariwo. Ó mọ̀ pé mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Wọ́n padà lọ bá Kọngílá. Wọ́n ní àwọn á ṣe ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n búrẹ́èkì tuntun, táyà tuntun, àti ọwọ́ ìtọ́kọ̀ tí kò mì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Kọngílá fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ fún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà tí àwọn ọ̀gá rẹ ń sọ yìí, pé tí ẹ bá fi gbogbo ìyẹn sí i, apá ọ̀dọ́ kò ní ká a mọ́, kí ẹ mú ọ̀kan nínú méjì. Bàbá rẹ ní kó fún àwọn láyè díẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dé ni mo fẹ́ kí o mú lọ sínú ìpàdé yín. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀, wọ́n ń wò ó láti imú dé ìdí, wọ́n sì ń béèrè lórí ohun kọ̀ọ̀kan pé, tí èyí bá kúrò, ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ á ṣubú? Ṣé ọkọ̀ á kọ̀ láti yà? Ṣé á kọ̀ láti dúró? Irin dídán tí wọ́n fi yí i ká kúrò. Fèrè gígùn kúrò. Àwọn iná tó ju èyí tí awakọ̀ fi ń ríran lọ kúrò. Rédíò, kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wọn kúrò. Gíláàsì ilẹ̀kùn di tapólì tí wọ́n ń ká sókè, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, ọwọ́ kan ni mo fi rán an, ìyá mi ń bá mi di aṣọ mú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ohun tí wọ́n yọ ti san owó búrẹ́èkì àti táyà, owó ọkọ̀ náà sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Kọngílá kò gbà. Ó ní kò sí ọ̀dọ́ tó máa ra ọkọ̀ tí kò dán, tí kò ní rédíò. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Lóòótọ́, ó dun àwọn méjèèjì, bàbá rẹ sì rù ní oṣù yẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò padà sẹ́yìn. Wọ́n lọ bá àwọn ọ̀dọ́ náà fúnra wọn, àwọn tíṣà tó ti ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n gbé ọkọ̀ náà síwájú wọn pẹ̀lú tapólì rẹ̀ àti ọ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kan rẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá wà á. Wọ́n tò sórí ìlà.

Wọn ò ṣe púpọ̀, n kò ní parọ́ fún ọ. Tíṣà kan ní Mopa ra ọ̀kan. Apòògùn kan ní Ẹ̀gbẹ̀ ra ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì kan ní Ògìdì, obìnrin bíi tèmi àti tìrẹ, ra ọ̀kan, àwọn èèyàn sì máa ń jáde wá wò ó tó bá ń kọjá. Ìkankan nínú wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Súlè fi èrè rẹ̀ kan òrùlé sórí ibi iṣẹ́. Bàbá rẹ fẹ́ mi, ọkọ̀ yẹn ló sì gbé wa kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgúnpá mi òsì tí kì í nà tán, tí o bi mí nípa rẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré, ibẹ̀ ló ti wá. Mo sọ fún ọ nígbà náà pé mo ṣubú ni. Mo rò pé ìyẹn náà tó fún ọmọdé.

O lè bi mí pé kí ló dé tí kò fi sí mọ́. Owó oṣù fò sókè, ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó ọkọ̀, gbogbo èèyàn sì fẹ́ ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ìjàpá tó forí sọ igi wá di ọ̀wọ́n. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ìjókòó méjì kò gba ọmọ. Bàbá rẹ ta tiwa fún tíṣà kan, ó sì ra píkọ́ọ̀pù. Fún ìdí yìí, má sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé ẹni tó bá ra ọkọ̀ yìí á lò ó títí ayé. Ọdún díẹ̀ ni, kí ìdílé tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ mìíràn á ti dàgbà dé ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́yìn wọn, ìyẹn kì í tán.

Ó dáa, ìmọ̀ràn mi nìyí.

Àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kò ṣeé ṣe, bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ni wọ́n ti fi kún mọ́tò yẹn láti ọdún dé ọdún. Mo rí tuntun rẹ̀ kan ní Ìlọrin nígbà tí mo lọ ra aṣọ. Ohun tó wà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ti di ọkọ̀ ọ̀gá tó wọ aṣọ ọmọ. Ẹ fi nǹkan kún un títí owó rẹ̀ fi kọjá ọwọ́ ọ̀dọ́, ẹ wá ń sọ pé apá ọ̀dọ́ kò lè ká a.

Èkejì, nínú gbogbo ohun tí ẹ bá ń yọ, ẹ má fọwọ́ kan ohun tó ń dá a dúró, ohun tó ń di ilẹ̀ mú, àti ohun tó ń yí i. Tí ẹnikẹ́ni bá dá a lábàá pé kí ẹ dín owó níbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí o dìde, bó o tilẹ̀ kéré jù lọ nínú yàrá náà, bí ohùn rẹ tilẹ̀ ń gbọ̀n. Lórí ọ̀rọ̀ yòókù o lè fara mọ́ tiwọn. Lórí ìyẹn, má fara mọ́ ọn.

Bàbá rẹ ní kí n fi èyí kún un, pé kí ẹ lo ẹ́ńjìnnì àti jíà tí ẹ ti ń lò nínú ọkọ̀ yín tó wọ́pọ̀. Tó bá bàjẹ́ ní Ponyan, kí mẹkáníìkì Ponyan lè ṣí i kó sì mọ ohun tó ń wò. Ọ̀dọ́ lè kó owó ra ọkọ̀ jọ. Dídúró de ohun èlò tó ń bọ̀ láti òkè òkun ló máa ń gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní kí ẹ gbé ikùn rẹ̀ sókè díẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo wa là ń gbé níbi tí wọ́n ti da ọ̀dà sí títì.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kékeré dójú tì ọ́. Mo ti sọ bí ó ṣe rí fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ gbé ọkọ̀ tó fúyẹ́ fún ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá yẹn kó wà á lọ síbi tí ọ̀nà bá ti ń wọ́, kí o má sọ nǹkan kan. Tó bá padà dé, wo ojú rẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀. O kọ ọ́ pé irin yín ń bọ̀ láti òkè òkun, pé àwọn kan lọ́hùn-ún ló ń pàṣẹ iye tí ẹ máa tò. Èmi ò lè dá ọ lóhùn lórí ìyẹn, aránṣọ ni mí. Tí o bá ṣe ìṣirò rẹ dáadáa, tí kò bọ́ sí i, sọ pé kò bọ́ sí i. Má tìtorí ìtàn èmi àti bàbá rẹ yí ìṣirò po. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yọ ohun tó yẹ kí o yọ kí o tó ṣe ìṣirò. Ó dá mi lójú pé wàá bá a níbi tó yẹ.

Ní ti ìwọ fúnra rẹ: kí wọn kí o tó sọ̀rọ̀, dìde dúró, má bẹ̀bẹ̀ nítorí pé o jẹ́ obìnrin. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o dé. Jẹun kí o tó lọ. Má sì tíì ra mọ́tò kankan, kí ọdún kan kọjá lórí iṣẹ́ náà ná. O ní ọ̀kan wà tí wọ́n fẹ́ tà fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dínwó. Kò ní sá lọ.

Mo fẹ́ kádìí ìwé yìí láàárọ̀ òní ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà tuntun ni ní Iffe, aṣọ ìgbéyàwó ló wá wọ̀n. Mo ń wọn èjìká rẹ̀, mo sì bi í, bí ẹni tó kàn ń ṣeré, pé tó bá lówó ọkọ̀, irú èwo ló máa rà. Mo rò pé á kọ́kọ́ ráhùn nípa owó oṣù. Kò ráhùn. Ó ní èyí tó kéré, tó rẹlẹ̀, tí òun àti ìyàwó òun lè gbé lọ sí Ìsánlú kí wọ́n sì padà lọ́jọ́ kan náà. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbéra, ó di òfuurufú mú níwájú rẹ̀, ó sì rọra yà ní kọ́nà kan tí mi ò rí. Téèpù mi já bọ́ ní èjìká rẹ̀. Kò mọ̀. Mo dúró, mo ń wò ó títí tó fi yà á tán.

Lọ sọ fún wọn pé ẹni tó máa rà á ṣì wà.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń gbàdúrà fún ọ,

Màmá Yẹmisí, Aránṣọ.